Ẹ Má Fi Ìbò Wa Ti Ṣọ́ọ̀bù Wa: Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Atẹ̀wé

Sí: Alága Káńsù wa, àti gbogbo Káńsẹ́lọ̀ tó wà nílé aṣòfin káńsù, Mainland, Èkó.
Láti ọ̀dọ̀: Ẹgbẹ́ àwa atẹ̀wé, adìwé àti agébébà àdúgbò yìí.

Ẹ̀yin olóyè wa,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Nígbà tí ìbò káńsù ti ọjọ́ 12 Oṣù Keje ọdún 2025 ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀rọ wa ò sùn. Òru la fi ń gé pósítà, òwúrọ̀ lẹ fi ń lẹ̀ ẹ́. Àwọn kan nínú yín ṣì jẹ wá lówó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú wa kọ̀wé.

Lọ́jọ́rú kan, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, ọkùnrin mẹ́fà tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n ní káńsù ló rán àwọn. Wọ́n ní owó tuntun kan wà tí a ò tíì san. A ní kí wọ́n jẹ́ ká rí òfin tó gbé owó náà kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi wá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ dìbò fún wọn ni? Ohun tí wọ́n bá ti sọ, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.” Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti mọ́kànlá.

Nínú ọ̀kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí à ń pè ní Kord ṣì ń yí lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi kẹrosíìnì fọ íǹkì kúrò lára rólà, ìyẹn ọ̀pá rọ́bà tó ń pín íǹkì, pé kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Wọn ò gbà. Ẹni tó bá ti tẹ̀wé rí mọ ohun tí à ń wí: íǹkì tó bá sùn sórí rólà, gígan ló máa gan. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀bẹ la fi ń ha á. Rólà mẹ́rin bàjẹ́, bíláńkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rọ́bà tó ń gbé íǹkì sórí bébà, náà ti sán. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, 300 ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan wà lórí tábìlì, a ti ká a tán, ó ku ká gún un ní pínnì. Jímọ̀ ni wọ́n sin ìyá náà. Orí fóònù làwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wo orin tí wọ́n kọ. Ẹbí yẹn ò ní gbéṣẹ́ wá bá wa mọ́ láéláé.

Ká sòótọ́, ohun tí ọlọ́jákẹ́ẹ̀tì yẹn sọ nípa ìbò dùn wá ju rólà lọ. Ẹ̀yin la rán níṣẹ́. Ẹni tí a rán níṣẹ́ kì í torí iṣẹ́ náà di olówó ẹni. A dìbò kí ẹnì kan lè bá wa dé ibi tí a ò lè dé, kó bá wa sọ tẹnu wa. Àmọ́ ọwọ́ tá a fi tẹ̀ka, a ò gé e sílẹ̀ sínú àpótí.

Ní ọdún 1923, tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò sílé aṣòfin l'Ékòó níbí, ọkùnrin tó ń pa tó £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Àwọn ìyá wa tó wà lọ́jà ò sí níbẹ̀. Nígbà tó di 1940, ìjọba òyìnbó ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ́dún máa san owó-orí. Alimotu Pelewura, ìyá ọjà Ẹrẹ́kò, kó àwọn obìnrin jáde, títí ìjọba fi gbé e kúrò ní £50 bọ́ sí £200. Wọn ò ní aṣojú kankan, síbẹ̀ ìjọba gbọ́ tiwọn. Ṣé àwa tá a ní aṣojú ló wá yẹ kí ọ̀rọ̀ wa má dénú ilé?

Ẹ tún rántí Sátidé ìparí oṣooṣù nígbà kan, tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ nítorí gbálẹ̀gbálẹ̀. Ìjọba tí a dìbò yàn ló ń ṣe é, ìmọ́tótó sì dára. Síbẹ̀, ní Oṣù Kẹta ọdún 2015, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sọ pé kò sófin tó ní kí wọ́n sé èèyàn mọ́lé torí gbálẹ̀gbálẹ̀, nígbà tó sì di Oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fòpin sí i. (Gọ́tà wa ò mọ́ nígbà yẹn, kò mọ́ báyìí náà.)

Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 7, ló ní kí káńsù jẹ́ ti àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Lọ́jọ́ 11 Oṣù Keje ọdún 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé gómìnà kankan ò gbọ́dọ̀ fi alámòójútó dípò yín, a bá yín yọ̀. Ìwé kan náà ló ní abala 36, pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́, àti abala 40, pé ẹgbẹ́ tó bá wu èèyàn ni kó bá rìn. Ẹ ò lè mú abala 7 kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa náà. Kí ìbò tó dé, ẹgbẹ́ yìí nawọ́ sókè nípàdé pé kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì, ká lọ síbi ìpolongo olùdíje kan. Ìyá kan tó ń di ìwé lóun níṣẹ́ lọ́wọ́, kò tì. A gbé ẹ̀rọ tó fi ń gún pínnì lọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, a tún bu owó ìtanràn lé e. Nígbà tó bèèrè ìdí, a ní ẹgbẹ́ ti dìbò. Ohun tí ọlọ́jákẹ́ẹ̀tì wá sọ fún wa náà nìyẹn. A ti dá ẹ̀rọ àti owó rẹ̀ padà, a sì ti tọrọ àforíjì. Òun ló ní ká kọ èyí síbí. Alága wa ò kọ́kọ́ fẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí owó tuntun kankan má ṣe dé ṣọ́ọ̀bù kó tó dé ilé aṣòfin yín, kí Káńsẹ́lọ̀ wa sì pè wá kó tó fọwọ́ sí i. A mọ̀ pé òfin fún káńsù láyè lórí ṣọ́ọ̀bù, a ò sì sọ pé a ò ní san. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ gbèsè, ẹ kọ̀wé sí i ní ọjọ́ 14 ṣáájú, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bó bá wá di dandan kẹ́ ẹ tì í, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fọ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ má sì ní kí ẹgbẹ́ bá yín fipá gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ní ti rólà mẹ́rin yẹn, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù là ń ṣèpàdé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ẹ̀rọ ìgébébà. A ti gbé àga sílẹ̀ fún Káńsẹ́lọ̀. Ẹ̀dà 200 la tẹ ìwé yìí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti lọ bá Alága àti àwọn Káńsẹ́lọ̀. Bí a ò bá rí èsì láàárín ọjọ́ 21, a ó lẹ ìyókù mọ́ ara ògiri tí pósítà yín ṣì wà.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága, Akọ̀wé, Akápò, àti ìyá tó ń di ìwé.