Ẹ jẹ́ kí ayé inú bíráúsà fúyẹ́, kí gbogbo ọmọ lè wọlé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbèrò láti fi ayé inú kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ. Ibi tí mo ń wí ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ti ní ère kékeré tó ń ṣojú rẹ̀, tí ère náà ń rìn káàkiri, tó sì ń sún mọ́ ẹlòmíràn láti bá a sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀, owó tí wọn yóò fi ra awò VR tí a ń dè mọ́jú ni àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n mú owó yẹn dání ná. Ayé tó lè ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ ni èyí tó ń ṣí nínú bíráúsà, lórí fóònù tó ti wà lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n bá ti tẹ líǹkì. Nígbà tí Second Life, ọ̀kan nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, dé ní 2003, àfi kí èèyàn gbé ètò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tó lágbára kó tó lè wọlé. Láti 2011 tí WebGL, ìlànà tí bíráúsà fi ń ya nǹkan 3D, ti jáde ni bíráúsà ti lè ya irú ayé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, A-Frame, irinṣẹ́ tí Mozilla gbé jáde ní 2015, sì mú kí ẹni tó mọ HTML (èdè tí a fi ń kọ ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì) díẹ̀ lè kọ́ ọ.

Wọn yóò ní dátà wọ́n. Òótọ́ ni, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní fáìlì ayé náà jẹ́ 16MB. Ẹ̀ẹ̀kan ni fóònù ń gbà á, bíráúsà á sì máa tọ́jú rẹ̀ de ìgbà mìíràn. Ohùn ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀, bó bá ń gba 30 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò jẹ 13.5MB ní wákàtí kan. Ìrìn àwọn ère kò tó nǹkan, nítorí nọ́ńbà lásán ni fóònù ń fi ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30MB lọ. Kíláàsì orí fídíò ńkọ́? Bí fídíò bá ń gba mẹ́gábíìtì kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 450MB ni wákàtí kan yóò jẹ. Ayé inú bíráúsà ló dínwó jù, bí ẹni tó kọ́ ọ bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Bí ó bá da 100MB sínú rẹ̀, ogójì ọmọ yóò fa 4GB kí tíṣà tó kí wọn káàárọ̀.

Ìwúwo yìí ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́. Spoke, irinṣẹ́ tí Mozilla ṣe fún kíkọ́ yàrá sínú Hubs, ayé inú bíráúsà tirẹ̀, fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún ayé tí wọn yóò fi fóònù wọ̀: onígun-mẹ́ta tí a fi mọ nǹkan kò gbọ́dọ̀ ju 50,000 lọ, iná mẹ́ta, fáìlì 16MB, àwòrán tí a fi bo ara nǹkan kò gbọ́dọ̀ tóbi ju 2048 sí 2048 lọ, gbogbo àwòrán náà kò sì gbọ́dọ̀ gba ju 256MB nínú mẹ́mórì. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Àwòrán JPEG kan lè jẹ́ 400KB nínú fódà. Ṣùgbọ́n nígbà tí fóònù bá tú u, ojú àmì (pixel) kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì mẹ́rin, nítorí náà 2048 sí 2048 di 16MB. Ẹ̀dà kéékèèké tí fóònù máa ń ṣe fún wíwò láti òkèèrè tún fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kún un, ó wá lé ní 21MB. Méjìlá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti kún 256MB, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn kò tó 5MB nínú fódà! Fóònù tí mẹ́mórì rẹ̀ kéré á ṣókùnkùn, tàbí kí ojú ìwé náà máa tún ara rẹ̀ ṣí léraléra. Ọmọ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, tíṣà náà á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ dín àwòrán kù sí 1024 sí 1024, yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Tàbí kí ẹ yí i sí KTX2, irú fáìlì àwòrán kan tí kì í wú nínú mẹ́mórì bíi JPEG. Draco, ètò ìfún-fáìlì-pọ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo, ń dín fáìlì kù lójú ọ̀nà ni o, kò bá fóònù gbé ẹrù kankan lẹ́yìn tí fáìlì bá ti dé.

Kí la wá ń fi irú ayé bẹ́ẹ̀ ṣe? Kì í ṣe ká tún kíláàsì kọ́ síbẹ̀, ká to àga, ká gbé bọ́ọ̀dù síwájú. Ọmọ tó ń ṣẹ́jú wo bọ́ọ̀dù nínú ayé inú fóònù ń da ojú rẹ̀ láàmú lásán, PDF lórí WhatsApp sàn fún un. Ohun tí títóbi rẹ̀ tàbí jíjìn rẹ̀ gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́ ni kí á kọ́. Ẹ wo Erédò Súngbọ́, yàrà àti òkìtì àtijọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Tíṣà ìtàn á sọ pé ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀ tó 20 mítà níbòmíràn. Ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Nínú A-Frame, mítà 1.6 ni ojú ère ga sí ilẹ̀. Kí ọmọ gbé ère rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà náà, kí ó wo iwájú: yẹ̀pẹ̀ pupa ló gba gbogbo ojú fóònù. Àfi kí ó ta ojú sókè pátápátá kó tó rí ojú ọ̀run tẹ́ẹ́rẹ́. Yóò bèèrè ibi tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ tó jáde nínú ihò yìí lọ. Kí tíṣà má dáhùn. Kí ó ní kí wọ́n gun òkè, wọn yóò rí i pé yẹ̀pẹ̀ ọ̀hún ni òkìtì tí wọ́n dúró lé.

Kò sí ìdí láti kọ́ 160 kìlómítà. Ọgọ́ta mítà tó. Nínú Blender, ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń mọ nǹkan 3D, a ó ya bí yàrà náà ṣe rí bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, a ó fà á gùn, a ó fi àwòrán yẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo bò ó. Onígun-mẹ́ta rẹ̀ kò ní tó 2,000. Ẹ kọ́kọ́ gbé òpó mítà 1.6 kan síbẹ̀ kí ẹ tó gbé fáìlì GLB, èyí tí bíráúsà yóò ṣí, jáde. Mítà ni GLB mọ̀. Bí nǹkan kan bá wá láti inú ètò tó ń fi sẹ̀ǹtímítà wọ̀n, ó lè fi ìlọ́po 100 tóbi jù, òpó yẹn ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ká máa ya fọ́tò Erédò kí kọ̀ǹpútà fi mọ ọ́n. Igbó bò ó, ewé ń mì, òjìji ń yí, kọ̀ǹpútà kò ní rí ojú ibì kan náà nínú fọ́tò méjì. Ìkòkò tàbí igi gbígbẹ́ ni ọ̀nà yẹn yẹ: nǹkan bí 80 fọ́tò, kí ìkọ̀ọ̀kan bo ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó ṣáájú rẹ̀, lábẹ́ ìkúukùu, láìtan fíláàṣì. Ohun tó bá ń dán bí idẹ yóò bàjẹ́, nítorí dídán rẹ̀ ń bá kámẹ́rà rìn. Ohun tó bá jáde lè lé ní mílíọ̀nù kan onígun-mẹ́ta. Ẹ fi Decimate, irinṣẹ́ inú Blender tó ń dín onígun-mẹ́ta kù, fá a dé 20,000.

Ní ti ohùn, ẹ pín kíláàsì sí ẹni mẹ́fà mẹ́fà. Bí kò bá sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan láàárín tó ń pín ohùn, fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí olúkúlùkù: ẹni mẹ́fà, ẹ̀dà márùn-ún, ẹni 25, ẹ̀dà 24. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń já. Líǹkì tí kò bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https kò ní rí máìkì lò rárá. Bíráúsà kì í sì í jẹ́ kí ohùn jáde kí èèyàn tó fọwọ́ kan nǹkan, nítorí náà ẹ fi bọ́tìnì ńlá kan síwájú kí wọ́n kọ Wọlé sí i. Ọmọ méjì tó bá jókòó sí yàrá kan náà láìsí íápíìsì, igbe ni fóònù wọn yóò máa ké.

Afọ́jú kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka ojú fóònù sókè kò sì lè ka ohun tí a yà sínú 3D. Ọ̀rọ̀ kíkọ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó sọ ohun tó wà níbẹ̀ àti bó ṣe ga tó.

Èyí tó kù ni ẹni tó ni ilé. Google gbé Lively jáde ní oṣù keje 2008, ó ti pa á dé kí ọdún yẹn tó parí. Mozilla bẹ̀rẹ̀ Hubs ní oṣù kẹrin 2018, ó sì pa sáfà rẹ̀ dé ní ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, 2024. Tíṣà tó jẹ́ pé líǹkì nìkan ló ní pàdánù yàrá rẹ̀. Ẹni tó tọ́jú GLB rẹ̀ lè gbé e lọ sórí sáfà mìíràn, nítorí kóòdù Hubs wà fún gbogbo ènìyàn láti mú lò. Nítorí náà, kí ilé ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n ní kí ó kó fáìlì Blender, GLB àti àwọn àwòrán lé wọn lọ́wọ́ lórí fláàṣì. Kí wọ́n sì ṣí ayé náà níṣojú rẹ̀ lórí fóònù tó rẹlẹ̀ jù ní kíláàsì, pẹ̀lú dátà, láìsí Wi-Fi ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ó bá ṣókùnkùn, kí wọ́n má tíì sanwó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìjẹ̀bú-Òde