Owó gbà-má-bínú kì í pa ẹjọ́ ọ̀daràn

Sí Olóòtú,

Ìgbàkígbà tí ìlú kan ní Amẹ́ríkà bá sanwó fún ẹbí ẹni tó kú sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá tó dì í mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì làwọn èèyàn máa ń sọ. Àwọn kan á ní ọlọ́pàá ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn á ní ẹbí ti ta ẹ̀jẹ̀ èèyàn wọn. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì, mo sì fura pé orúkọ tí à ń pe owó náà, gbà-má-bínú, wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. Ìwé tí ẹbí ń fọwọ́ sí kò ní kí wọ́n má bínú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọn ò ní bá ẹjọ́ owó lọ mọ́. Ìlú náà á sì sábà kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ẹjọ́ ọ̀daràn ńkọ́? Ìjọba ló ni ín, kì í ṣe ẹbí. Bí ẹbí tilẹ̀ gbowó tán, agbẹjọ́rò ìjọba ṣì lè fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá náà. Ìwọ̀n ẹ̀rí tún yàtọ̀. Nínú ẹjọ́ owó, kí ọ̀rọ̀ olùpẹjọ́ ṣáà wúwo díẹ̀ ju ti ẹnìkejì lọ, ó ti tó. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, iyèméjì kankan tó mọ́gbọ́n dání kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù.

Ìdí nìyí tí owó fi lè jáde kí ẹ̀wọ̀n má sì sí. Ọlọ́pàá kan fi apá há Eric Garner lọ́rùn ní New York lọ́dún 2014, ọkùnrin náà sì kú, ohun tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ibẹ̀ ti kà léèwọ̀ láti 1993. Dókítà tó yẹ òkú wò kọ ọ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ikú náà ti wá. (Èyí kò túmọ̀ sí pé ọ̀daràn lẹni náà, ohun tó fa ikú ni dókítà ń sọ, kì í dájọ́.) Àwọn ará ìlú tí wọ́n kó jọ láti pinnu bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ kọ̀ láti fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá náà. Ìlú san mílíọ̀nù 5.9 dọ́là lọ́dún 2015. Iṣẹ́ nìkan ni ọlọ́pàá náà pàdánù, lọ́dún 2019.

Ibi tí ẹjọ́ ti sábà ń fọ́ ni àyẹ̀wò òkú. Ẹni tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́yìn, tí èèyàn tún gùn lẹ́yìn, àyà rẹ̀ ò ní ráyè fẹ̀ láti mí, bẹ́ẹ̀ ìjàkadì ti mú kí ara nílò èémí púpọ̀ sí i. Láti 1995 ni Ẹ̀ka Ìdájọ́ Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ fáwọn ọlọ́pàá pé bí wọ́n bá ti de èèyàn tán, kí wọ́n gbé e kúrò ní ìdojúbolẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ọlọ́pàá á ní àrùn ọkàn ni, á ní oògùn olóró ni. Bí dókítà bá wá kọ ọ́ pé òun ò lè sọ ohun tó fà á, ọwọ́ agbẹjọ́rò ìjọba á rọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Elijah McClain, tó kú ní Aurora ní ìpínlẹ̀ Colorado lọ́dún 2019, títí wọ́n fi tún ìwé àyẹ̀wò òkú náà kọ pé abẹ́rẹ́ ketamine, oògùn akunnilóorun, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fún un lẹ́yìn tí ọlọ́pàá dì í mọ́lẹ̀ ló pa á. Ẹbí gba mílíọ̀nù 15 dọ́là lọ́dún 2021. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá kan àti òṣìṣẹ́ ìlera pàjáwìrì méjì lẹ́bi. Owó náà kò dí ẹjọ́ ọ̀daràn lọ́wọ́.

Ohun tí owó lè ṣe ni kó da júrì láàmú, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n ń yàn láti dájọ́ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi. Minneapolis kéde mílíọ̀nù 27 dọ́là fún ẹbí George Floyd, tó kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ lọ́dún 2020, ní oṣù Kẹta 2021, nígbà tí wọ́n ṣì ń yan júrì fún ẹjọ́ ọlọ́pàá náà. Adájọ́ ní láti pe àwọn méje tí wọ́n ti yàn padà, ó sì yọ méjì nínú wọn. Ó yẹ kí ìlú náà dúró.

Nítorí náà, Olóòtú, bí irú ìròyìn yìí bá tún dé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa kọ ohun mẹ́ta mọ́ iye owó: kí ni àyẹ̀wò òkú sọ, ṣé ẹ̀sùn ọ̀daràn wà nílẹ̀, àti àpò ta ni owó náà ti jáde. Kì í sábà jẹ́ àpò ọlọ́pàá náà.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan.