Ẹ Bá Mi Dé Mọ̀ọ̀rẹ̀

Leeds, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Owó oògùn tí mo fi ránṣẹ́, oògùn ni kí ẹ fi rà o, kì í ṣe aṣọ ẹgbẹ́.

Mo ní kí àbúrò mi ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ìwọ, má sáré kà á bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé, má sì fo ibi tí kò bá dùn mọ́ ọ. Ibi tí Màámi bá ti mí kanlẹ̀, dúró.

Mo mọ̀ pé inú bí yín sí mi lọ́jọ́ tí mo pè. Ẹ gbọ́ ẹkún lẹ́nu mi, ẹ ti ń wá gèlè kiri yàrá, ẹ ń bèèrè pé, "Ta ló kú? Ta ló kú nínú wa?" Ìgbà tí mo wá ní ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Kánádà ni, pé n kò fojú kàn án rí, ẹ dákẹ́ pẹ́, ẹ ní, "Ẹni tí o kò rí rí lò ń sunkún rẹ̀ tó báyìí? Òkú tiwa kò tó ọ sun?" Lẹ́yìn náà ẹ ní kí n lọ bọ́jú. Mo lọ bọ́jú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú mi, ìyẹn ni mo fi mú bírò.

Orúkọ rẹ̀ gan-an, ẹ̀yìn ikú ni mo mọ̀ ọ́n. Ará Ifẹ̀ ni mo máa ń pè é, òun a máa pè mí ní Ìjẹ̀ṣà. Ọdún mẹ́rin la fi pe ara wa bẹ́ẹ̀. Orí WhatsApp àwa ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà lẹ́yìn odi la ti pàdé, owó ìsìnkú ẹnì kan la sì ń dá lọ́jọ́ náà, ẹ ò rí ayé. Mo bèèrè pé ta ló wà nídìí owó, kó ṣe àkọsílẹ̀ fún wa. Bí mo ti bèèrè ni ohùn obìnrin kan wọlé: "Ẹ tètè fún un ní àkọsílẹ̀ o! Ọmọ Òṣómàálò ni, bí ẹ bá jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀, òṣóòṣó ni yóò ló tì yín títí ilẹ̀ á fi mọ́." Gbogbo wọn fẹ́ẹ̀ kú ẹ̀rín. Èmi náà fèsì pé ẹ̀yin Ifẹ̀ tí ẹ ní ọ̀dọ̀ yín layé ti ṣẹ̀, ó yẹ kí ẹ ti san tiyín láti ìgbà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí agogo bá lu méjì òru níbí, mẹ́jọ alẹ́ ló ń lù ní Winnipeg níbi tó ń gbé. Àsìkò yẹn làwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú máa ń sùn wọra, tí èmi á jókòó sí kọ̀rídọ̀, mà á máa retí pé kí ẹnì kan tẹ aago. Òun náà á ti parí ìṣirò owó tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe láti inú ilé. Á fi ohùn ránṣẹ́, mà á fi tèmi ránṣẹ́, títí ilẹ̀ á fi mọ́ bá mi.

Kí là ń sọ? Màámi, kò sí nǹkan kan. Iye tí wọ́n ń ta iṣu Gánà. Ìyẹ̀fun inú páálí tí wọ́n ń pè ní iyán, tó yẹ kí ojú ti ọmọ Ìjẹ̀ṣà láti máa rò. Ìgbà tí mo jẹ gbèsè owó ilé, òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún, ẹ má bínú. Ó mọ̀ nípa orúnkún yín. "Orúnkún ìyá wa ńkọ́?" Ìyá wa ló ń pè yín.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹnu. Yorùbá tí a ń sọ láàárín ara wa níbí, ti rédíò ni, gbogbo wa ti fá a kó dán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀ pé ulé là ń pe ilé, ukú là ń pe ikú, Ifẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi í sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ará Èkó, wọ́n á ní ará oko dé. Òun kì í rẹ́rìn-ín. "Ìjẹ̀ṣà, ulé ń wù mí," ni á máa wí bí òtútù bá mú un. Láti ìgbà tó ti lọ, n kò tíì rí ẹni tí mo lè sọ ulé sí létí.

N kò rí ojú rẹ̀ rí. Bí mo bá ní ká wo ara wa lórí fóònù, á ní ojú òun kò dáa lónìí. Mo rò pé àṣejù obìnrin tí kò tíì lé tìróò ni. Ó tó ọdún kejì kó tó là á yé mi pé ojú náà pọ́n ni, ó pọ́n bí ọsàn. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá fínra láti kékeré.

Ẹ mọ àìsàn náà. Ẹ rántí ọmọ ìyá alágbo tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kì í bá wa sáré. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bí dòjé, á há sínú iṣan, egungun á wá máa ro ẹni bíi pé wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọ. Òtútù sì máa ń rú u sókè. Ẹ wá wo ibi tó lọ dúró sí, níbi tí òtútù máa ń já dé 30 sábẹ́ òdo. Mo bi í pé kí ló gbé e débẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti fún òun níwèé.

(Ìwọ tó ń ka lẹ́tà: èmi, AS ni mí. Ọmọbìnrin tí o ń mú wá kí Màámi, ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó máa dá aṣọ. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS, ìyẹn ni pé kí àìsàn yìí máa bá a fínra. Máa kà á lọ.)

Orúkọ àìsàn yẹn ló tàn mí jẹ. Bó bá ti dákẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló wà. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, ohùn á wọlé: "Ìjẹ̀ṣà, mo ti jí o. Ta ló jẹ mí lówó?" Nínú oṣù Kínní ọdún yìí, ó ní, "Ara ń ro mí díẹ̀, mà á pè ọ́ lọ́la." Mo ní kó lọ sùn.

Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmì kan á yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ti kúrò lọ́wọ́ yín nìyẹn. Bó bá dé orí fóònù ẹni náà, á di méjì. Gbogbo èyí tí mo fi ránṣẹ́, àmì kan ṣoṣo. Ọjọ́ mẹ́jọ. Èmi ṣáà ń retí ọ̀la tí yóò dìde.

Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n gbé ìkéde ikú kan jáde láàárín wa. Orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, n kò mọ ọ̀kankan. Mo kọ "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere", bí a ti máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí a kò mọ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ wẹ̀. Mo tilẹ̀ ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ìgbà tí mo jáde ni mo rí i tí ẹnì kan ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Ará Ifẹ̀ wa náà ti lọ." Màámi, orin yẹn, n kò lè kọ ọ́ mọ́.

Mo ní kí ọ̀gá mi fún mi ní ọjọ́ méjì. Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó bi mí pé kí ni òkú náà jẹ́ sí mi. Fọ́ọ̀mù wà níwájú rẹ̀: òbí, ọkọ tàbí aya, ọmọ, ẹni tí a jọ bí. Mo ní ọ̀rẹ́ ni. Ó ní ìgbà wo la rí ara wa kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ẹnu mi wọhò. Mo ní kò burú, mo padà lọ tún ibùsùn ṣe.

Kò sí ilé ọ̀fọ̀ tí mo lè lọ. Kò sẹ́ni tó wí fún mi pé ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni mo ti fẹnu ara mi kí ara mi, mo sì dá ara mi lóhùn pé ẹ ṣé o.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Norway rí, Mats Steen lorúkọ rẹ̀. Àìsàn tí ń jẹ iṣan ara run ló sọ ọ́ di ẹni tí ń gbé orí àga oníkẹ̀kẹ́. Eré orí kọ̀ǹpútà ló ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, àwọn òbí rẹ̀ sì ń kẹ́dùn pé ọmọ àwọn kò lọ́rẹ̀ẹ́. Ìgbà tó kú ní 2014, lẹ́ni ọdún 25, bàbá rẹ̀ kéde rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ọmọ náà ti máa ń kọ̀wé. Ni ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Yúróòpù, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré, tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí Ibelin. Àwọn kan wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹ wo bàbá àti ìyá tó bí ọmọ, tó jẹ́ àjèjì ló wá sọ irú ẹni tí ọmọ wọn jẹ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi Norway sílẹ̀ ná, ká wá sí ọjà Atákúnmọ́sà. Màámi, ìgbà mélòó lẹ rí Alájì obì?

Obì gbànja lẹ ń kó ránṣẹ́ sí i, agbọ̀n tí a ti fi ewé tẹ́ nínú, ọkọ̀ Kánò á gbé e lọ. Bó bá ń bọ̀, àpò àlùbọ́sà á wà lórí rẹ̀, owó á wà nínú àpòòwé lọ́wọ́ dírẹ́bà. Èmi ni mò ń bá yín kọ ìwé tí ẹ ń fi tẹ̀ lé obì, mo wà ní pírámárì. Ẹ ó jókòó tì mí, ẹ ó máa sọ ọ́, èmi á máa tọ́ bírò lá. Gbólóhùn tó kẹ́yìn kì í yí padà: "Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ." Ọdún tí kòkòrò wọ obì yín, ó ní kí ẹ má dá owó òun padà. Lọ́jọ́ tí dírẹ́bà dé tó ní Alájì ti kú, ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ fa ìborùn bojú. Ẹ ò ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ ò ṣí i lọ́jọ́ kẹta. Àpò àlùbọ́sà tó gbẹ̀yìn, ẹ ò tà á, ẹ ò jẹ́ ká fi sebẹ̀, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí tó fi hu ewé. Bàbá ní ṣé Alájì náà fẹ́ yín ni. Ẹ ò dá wọn lóhùn.

Èmi kò ní àlùbọ́sà. Ohùn ló kù sí mi lọ́wọ́.

Ohùn 221 ló wà lórí fóònù mi. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ifẹ̀ ló wá mi kàn. Wọ́n ti sin ín sí Winnipeg. Fóònù tó fi sílẹ̀ tì pa, kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i. Bó bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìpè lásán ni, ìpè kì í sì í dúró síbì kan. Kò sí ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú ilé. Àbúrò náà ní ìyá àwọn a máa bi í léèrè nígbà ayé rẹ̀ pé, "Ìjẹ̀ṣà rẹ ńkọ́?"

Mo ti kó ohùn náà sínú mẹ́mórì kádì. Wọ́n ní bí ẹnì kan kò bá lo WhatsApp fún ọjọ́ 120, wọ́n a máa pa á rẹ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ohùn tó ti wà lọ́dọ̀ mi kò ní tìtorí ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé. Mo tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ kí n tó kó o. Mo yọ àwọn tó ti ń ké irora kúrò. Mo yọ méjì mìíràn tó ti ń bínú sí ìyá rẹ̀ nítorí owó kan báyìí; ọ̀rọ̀ ìyá àtọmọ ni, kò kan Ìjẹ̀ṣà. Bóyá kò yẹ kí n yọ wọ́n. Mo ti yọ wọ́n.

Mo lè fi í ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó mu tíì tán. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ kí ohùn ọmọ ṣàdédé bọ́ sí ìyá létí níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá fún yín, kádì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dé Ifẹ̀. Ẹ gba ọ̀nà Òṣù, kò jìnnà. Àbúrò Ará Ifẹ̀ á dúró dè yín ní Lágéré, á mú yín dé ilé wọn ní Mọ̀ọ̀rẹ̀. Àbúrò mi á tẹ̀ lé yín nítorí orúnkún.

Òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kí i jù mí lọ. Ẹ mú iṣu díẹ̀ dání kí ọwọ́ yín má bàa ṣófo. Ẹ jókòó ti ìyá náà ná. Ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó lè gbà á, ẹ ní kí àbúrò mi tẹ èyí tí mo kọ 1 sí, èyí tó ti ń bá mi jà lórí iyán inú páálí. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀, ó sì dárúkọ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí i pé kò tíì tó àkókò, ẹ má sọ pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi kádì náà sínú àpò, ẹ gbé e padà wá sí Iléṣà. Ẹ̀yin náà ti tọ́jú àlùbọ́sà rí.

Wọ́n á bi yín pé ta ni yín. Ẹ má pe orúkọ mi, wọn kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ẹ ní ìyá Ìjẹ̀ṣà ni yín.

Èmi ni,
ọmọ yín