Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi, lórí eré 121 tí White Sox pàdánù

Chicago,
Oṣù Kẹwàá, 2024.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ará ilé. Nígbà tí ẹ pè mí láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìbéèrè tí ẹ bi mí gbẹ̀yìn ni n kò rí dáhùn kí dátà yín tó tán. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́, pé White Sox wa, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ti Chicago níbí, ti di ẹgbẹ́ tó pàdánù jù lọ. Òótọ́ ni. Eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gbá nínú sáà kan; àwọn wa borí nínú 41, wọ́n sì pàdánù 121. Láti ọdún 1900 wá, kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì ńlá tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀. New York Mets ti ọdún 1962, tí wọ́n pàdánù 120, ni wọ́n ti ń ru ìtìjú náà bọ̀ fún ọdún 62, títí di alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án tí àwọn wa lọ gbà á lọ́wọ́ wọn ní Detroit. Mo lè pè yín padà kí n sọ èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ti orí fóònù lọ, àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn sì wà ní ìlú yìí tí ó ń dùn bí ó ṣe ń dùn mí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba.

Ẹ ó rántí pé ọdún 2005 ni mo wá bá yín ní apá Gúúsù Chicago, nígbà tí n kò mọ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹ̀yin. Nínú takisí yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ bésíbọ́ọ̀lù, lórí rédíò, kí n tó fi ojú rí i. Ẹ sọ fún mi nígbà náà pé kí n fi ojú ayò ọlọ́pọ́n wò ó, nítorí pé ìgbà tí ó bá dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ gan-an ni àwọn méjèèjì ń ṣírò ohun tí ẹnì kejì fẹ́ ṣe. Kí oṣù Kẹwàá tó dé, mo ti mọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, Konerko, Buehrle, Podsednik àti Contreras ọmọ Cuba, bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù náà kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé: òjò ń rọ̀ sórí pápá, òtútù mú, àwọn wa mẹ́ta dúró sí ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Konerko sì lu bọ́ọ̀lù kan jáde kúrò nínú pápá, tí àmì mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Houston, tí à ń bá gbá àṣekágbá líìgì, tún bá wa dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni Podsednik, tí kò lu ẹyọ bọ́ọ̀lù kan jáde rí ní gbogbo eré 162 ti sáà náà, lu èyí tó parí eré ní 7 sí 6. Ní ọjọ́ 26 a borí wọn ní Houston, 1 sí 0, a sì gba ife tí ẹgbẹ́ wa kò gbà mọ́ láti ọdún 1917. Ẹ sunkún lórí àga yín. Mo ti bá yín gbé fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, n kò sì tún rí omijé yín mọ́.

Bọ̀dá mi, kì í ṣe pípàdánù gan-an ni ó ń dùn mí. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé eré ìdárayá mọ̀ pé ọdún burúkú yóò wà. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ní ohun tó dára lọ́wọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó bàjẹ́. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ yìí kan náà borí nínú eré 93, wọ́n sì gba ipò kìn-ín-ní ní agbègbè wọn. Ní 2022, wọ́n borí nínú 81, wọ́n pàdánù 81. Ní 2023, wọ́n pàdánù 101. Ọdún mẹ́ta péré ló gbà wọ́n láti orí òkè dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé láti ọdún 1900.

Bí ẹ bá sì wo bí wọ́n ṣe rìn ín, ẹ ó rí i pé láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ó ti wá. Nígbà tí sáà 2020 parí, tí àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí, wọ́n yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá Rick Renteria, Jerry Reinsdorf tó ni ẹgbẹ́ sì mú Tony La Russa padà wá. Ẹni ọdún 76 ni La Russa nígbà náà, kò sì ti darí ẹgbẹ́ kankan láti ọdún 2011. N kò bú àgbà. Iṣẹ́ tí La Russa ti ṣe sẹ́yìn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń wá ọjọ́ iwájú kì í fi àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ san gbèsè ọdún 1986, ọdún tí wọ́n lé ọkùnrin náà kúrò ní ẹgbẹ́ yìí. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2023, wọ́n yọ Kenny Williams àti Rick Hahn, àwọn méjì tó ń yan agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, kúrò nípò, inú wa sì dùn pé afẹ́fẹ́ tuntun yóò fẹ́ wọlé. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi Chris Getz, tó ti wà nínú ilé kan náà tẹ́lẹ̀, sí ipò náà, láì wá ẹnikẹ́ni láti ìta. Kí sáà 2024 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi Dylan Cease, ajùbọ́ọ̀lù tó dára jù lọ tí a gbójú lé, ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú San Diego.

Nígbà tí ó di oṣù Keje, wọ́n pàdánù eré 21 léra wọn, láti ọjọ́ 10 oṣù náà títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó borí ní Oakland, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n sì lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, Pedro Grifol. N kò ní gbèjà rẹ̀, nítorí pé àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ń ṣe àṣìṣe tí ọmọdé kì í ṣe. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ta ló gbà á síṣẹ́? Ta ló ra àwọn tí ó ń kọ́? Nínú ìtàn ẹgbẹ́ yìí, àdéhùn tó tóbi jù lọ tí wọ́n fún agbábọ́ọ̀lù kan ni ti Andrew Benintendi, mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ọdún márùn-ún, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ìlú tó kéré sí Chicago ti kọjá mílíọ̀nù 100 tipẹ́tipẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá níbẹ̀ yóò já sí líìgì ìsàlẹ̀, owó tẹlifíṣọ̀n yóò sì dín kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Níhìn-ín, ẹgbẹ́ 30 ló wà, kò sí èyí tó lè já. Wọn ì báà pàdánù 121, ìpín wọn nínú owó tẹlifíṣọ̀n líìgì ṣì ń wọlé, àyè wọn sì ń dúró dè wọ́n. Àwọn ènìyàn máa ń tù wá nínú pé ẹgbẹ́ tó bá pàdánù púpọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yan nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Èyí pàápàá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n ti kópa nínú kèké tí wọ́n ń ṣẹ́ fún ipò àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, òfin kò sì gbà kí ẹgbẹ́ ìlú ńlá kópa ní ọdún méjì léra wọn, nítorí náà ipò 10 ni wọn yóò ti yàn ní 2025. Ìyà náà kò lérè kankan.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, mo mú ọmọbìnrin mi lọ sí pápá ní òpópónà 35, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ti pàdánù 120 tí ẹgbẹ́ Angels sì wá bá wọn gbá. Àwọn kan nínú èrò náà wá nítorí kí ìtàn lè ṣojú wọn. Bí eré ṣe ń lọ, wọ́n ń pariwo léra léra pé kí Reinsdorf ta ẹgbẹ́ náà. Àwọn wa borí lọ́jọ́ náà, 3 sí 2, àwọn kan sì ń kùn nínú ìjókòó wọn. Ọmọ mi bi mí pé, “Dádì, ṣé a ò fẹ́ kí wọ́n borí ni?” Mo wo àwọn ọmọkùnrin tó wà lórí pápá, tí púpọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé líìgì ńlá, tí wọ́n ń dì mọ́ ara wọn bí ẹni tó gba ife, n kò sì mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Wọ́n borí ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Angels fi wà níbí. Wọn kò fẹ́ kí ìtìjú náà ṣẹlẹ̀ lójú wa. Èmi sì nífẹ̀ẹ́ wọn fún ìyẹn.

Ohun tó mú mi bínú jù lọ ni pé ní ọdún yìí kan náà ni Reinsdorf ń béèrè owó ìlú, tí wọ́n sọ pé ó tó bílíọ̀nù kan dọ́là, láti kọ́ pápá tuntun sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The 78. Ẹ̀yin ni ẹ sọ fún mi pé nígbà tí ẹ dé ìlú yìí ní 1988, ọ̀rọ̀ tó gba rédíò takisí kan ni pé ẹgbẹ́ náà yóò kó lọ sí Florida bí ìjọba Illinois kò bá kọ́ pápá fún wọn. Ìjọba gbà, wọ́n sì kọ́ ọ. Ọdún 1991 ni wọ́n ṣí i. Òun náà ni pápá tí a ń lò yìí.

Ẹ ní ṣé n ó ṣì máa wò wọ́n. Bọ̀dá mi, n kò lè fi wọ́n sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ fi wọ́n lé mi lọ́wọ́, àwọn ọmọkùnrin yẹn kò sì ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n n kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì ní 2025. Ọmọ mi ti gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Orí rédíò ni a ó ti máa gbọ́ wọn, bí èmi àti ẹ̀yin ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ti yọ rédíò kékeré tí ẹ fi sílẹ̀ jáde láti inú àpótí. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀, àmọ́ irin tí ó fi ń gba ohùn ti ṣẹ́. Bí ẹ bá tún pè, ẹ bá mi rántí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti máa ń tún un ṣe.

Èmi ni àbúrò yín ní tòótọ́.