Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Fídíò Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Ń Fi Fóònù Yà

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa.

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti fi fídíò tí wọ́n fúnra wọn yà hàn wá ní ìsìn ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán lẹ́nu àwọn ará. Inú ọ̀pọ̀ dùn. Àwọn àgbà kan sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní fóònù yìí kan náà ló ń gba ọkàn àwọn ọmọ kúrò nínú Bíbélì, kí ló wá dé tí a tún fi gbé e wọ ilé Ọlọ́run? Ìbéèrè gidi ni, ìfẹ́ àwọn ọmọ náà ló sì mú wọn bèèrè. Èmi fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Ó yẹ kí gbogbo ìjọ mọ ìdí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 4 péré la wò lára ògiri. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó di ìṣẹ́jú 4 yẹn ni mo fẹ́ sọ. Sáàmù 46 ni wọ́n ń kọ́ nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, níbi tí onísáàmù ti ní a kì yóò bẹ̀rù bí omi tilẹ̀ ń hó tó sì ń ru. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè bóyá a rí ẹni tí irú omi bẹ́ẹ̀ ti dé bá rí nínú ìjọ wa. Ní Ìbàdàn kẹ̀! Àwọn kan nínú wọn rántí omíyalé oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Olórí wọn wá ní kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà, kí wọ́n bèèrè nípa ìgbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú.

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ bàbá kan nínú ìjọ wa nìyẹn, ẹni tó ń tajà nítòsí Ògùnpa nígbà náà. Bàbá sọ fún wọn pé ọjọ́ Sunday ni, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ó sọ bí òjò náà ṣe kọ̀ tí kò dá, bí odò tí ọmọdé ń fò kọjá ṣe di òkun, tó ń wọ́ ilé àti mọ́tò lọ. Ọjà rẹ̀ lọ. Omi gbé àwọn kan tí wọ́n jọ ń sìn nínú ìjọ lọ pẹ̀lú, a ò sì rí òkú ẹlòmíì nínú wọn sin. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kọnkéré tí wọ́n fi sé odò yẹn lẹ́yìn náà, wọn ò mọ ohun tó fà á.

Bàbá ní Sáàmù 46 yìí gan-an ni wọ́n kà níbi ìsìnkú. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin tó mú fóònù lọ́wọ́ ti bèèrè pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ṣé Ọlọ́run kì í ṣe ibi ìsádi fún àwọn tó kú náà ni?”

Bàbá dákẹ́. Ẹ̀yin náà rí bí ó ṣe pẹ́ tó nínú fídíò. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ọmọ mi, mo ti ń bi Í láti ọjọ́ yẹn. Mi ò tíì dẹ́kun àtimáa bi Í, mi ò sì tíì fi Í sílẹ̀.”

Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n gé dídákẹ́ yẹn kúrò kí fídíò lè yá. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wò ó nínú ìpàdé wọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan fóònù tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í la ẹnu láàárín wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nípa ikú bàbá rẹ̀ àti àdúrà tó gbà tí kò rí ìdáhùn sí. Ilẹ̀ ṣú bá wọn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀yin ará, mo ti wàásù lórí Sáàmù yẹn nínú ìjọ yìí, mo sì tún máa wàásù lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bàbá gbà dé ọkàn ọmọ yẹn, ó níye lórí lójú mi gidigidi.

Nígbà tí Jésù wo ọkùnrin ará Gádárà sàn, ọkùnrin náà fẹ́ máa tẹ̀ lé E. Jésù kò gbà. Ó ní kó padà sílé, kó lọ sọ ohun tí Olúwa ṣe fún un fún àwọn ará ilé rẹ̀. Kò rán an lọ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní ibì kankan kó tó lọ. Sáàmù 78 náà sọ pé a kò ní fi iṣẹ́ Olúwa pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Àwọn ọmọ ti wá ń bèèrè báyìí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ìtàn wà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà, àwọn ọmọ ló mọ bí a ṣe ń yà á.

Àwòrán tó ń rìn kì í sì í ṣe àjèjì sí wa ní ìlú yìí. Ìbàdàn níbí ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Nígbà tí Mike Bamiloye dá ẹgbẹ́ eléré onígbàgbọ́ Mount Zion sílẹ̀ ní ọdún 1985, eré orí ìtàgé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sídìí fídíò. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ló wo eré wọn tí ẹ sì kúnlẹ̀ gbàdúrà.

Nípa owó: àwọn kan fẹ́ kí a fi owó ìkórè ra kámẹ́rà ńlá. Rárá, kì í ṣe báyìí. Fóònù tó wà lọ́wọ́ tó. Ohun tó ń ba fídíò àwọn ọmọ wa jẹ́ jù ni ohùn. Ènìyàn lè fara da àwòrán tí kò mọ́ tó. Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ kò lè ṣe é láǹfààní. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ojú títì, ẹ pa fáànù, kí ẹ sì gbé fóònù kejì sórí tábìlì níwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọjú sí fèrèsé, kó má kọ̀yìn sí i. Ẹ di fóònù mú ní ìbú, kì í ṣe ní òòró, tó bá jẹ́ pé ara ògiri la ti máa wò ó. Kí ó má gùn, nítorí dátà wọ́n, àwọn ìyá wa náà sì fẹ́ gbà á lórí WhatsApp.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí mi ò ní gbà. A kò gbọ́dọ̀ ya ọmọdé láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 pàápàá fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ ya ẹni tó ń gba ìrẹsì àti aṣọ lọ́wọ́ ìjọ, tàbí ẹni tó ń sunkún níbi àdúrà. Ẹni tó bá sọ ẹ̀rí rẹ̀, tó wá ní ká pa á rẹ́ lọ́la, a ó pa á rẹ́ láìjiyàn. Bí ẹ bá sì ń ṣe eré, kí ó hàn pé eré ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ìwòsàn tí kò ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè máa pín in kiri, ó ti parọ́ mọ́ Ẹ̀mí Mímọ́, mi ò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Orin olórin náà, ẹ fi sílẹ̀. A ní akọrin, a ní onílù, ẹ bẹ̀ wọ́n.

Ìwé Rúùtù ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kàn báyìí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ kò bá fẹ́ kí ojú ọmọ yín hàn, ẹ sọ fún olórí wọn kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin ìyá, tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún wọn. Wọ́n ń wá ìyàwó àti ìyá ọkọ tí wọ́n ti bá ara wọn jà rí, tí wọ́n sì wá rẹ́, kí àwọn méjèèjì jókòó pa pọ̀ sọ bí ó ṣe rí.