Lẹ́tà sí àǹtí mi tí ọkọ̀ òkun máa gbé dé Dubrovnik

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti físà, torí òun ló ń dá àwọn ará wa dúró lẹ́nu ọkọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni Kroatíà, orílẹ̀-èdè tí Dubrovnik wà, ti wọ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà. Bó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, ìwé ìgbélùú ti Gẹ̀ẹ́sì ò lè gbé yín wọlé. Ọkọ̀ yín sì tún máa yà ní Kotor kó tó padà sí Ítálì. Montenegro ni Kotor wà, kò sí nínú Schengen, torí náà físà tí ẹ lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ gbà.

Ẹ bi wọ́n nínú ọkọ̀ bóyá èbúté Gruž ni ẹ máa gúnlẹ̀ sí, àbí ọkọ̀ kékeré ló máa kó yín láti ojú òkun. Ọkọ̀ kékeré máa já yín sí èbúté àtijọ́, lẹ́sẹ̀ odi tó yí ìlú àtijọ́ ká gan-an. Láti Gruž, ó tó kìlómítà mẹ́ta. Bọ́ọ̀sì 1A tàbí 1B ló ń lọ sí ẹnubodè Pile, ẹnu ọ̀nà ìlú àtijọ́ lápá ìwọ̀ oòrùn. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ awakọ̀, ti kíósìkì dínwó jù ú lọ. Èyí tó tún dára jù ni Dubrovnik Pass ọlọ́jọ́ kan, ìyẹn káàdì kan tí wọ́n fi ń wọ ibi púpọ̀. Iye rẹ̀ kì í sábà yàtọ̀ sí ti tíkẹ́ẹ̀tì odi nìkan, bọ́ọ̀sì àti ààfin Rector (olórí ìlú náà láyé àtijọ́) sì wà nínú rẹ̀.

Odi ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn, kó tó di pé oòrùn mú. Òkúta ni, kì í ṣe alámọ̀ bíi tiwa. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 1,940 mítà, àwọn ibì kan ga tó mítà 25, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì lé ní 1,000. Pile ni gbogbo èrò ti ń gùn ún, torí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ń já wọn sí. Ẹ̀yin ẹ má gun ti Pile. Ẹ pọn omi sínú ike níbi orísun omi Onofrio tó wà nínú ẹnubodè náà (láti 1438 ló ti wà, omi rẹ̀ ṣeé mu), kí ẹ gba Stradun, òpópónà ńlá ìlú àtijọ́, kọjá lọ sí ẹnu àbáwọlé odi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ploče, ẹnubodè apá ìlà oòrùn. Stradun ò ju nǹkan bí 300 mítà lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ èèyàn ti dán òkúta rẹ̀ títí ó fi ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bàtà onírọ́bà ni kí ẹ wọ̀.

Ìdí tí mo fi ní Ploče nìyí: apá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà rìn lórí odi, ìlú á wà lọ́wọ́ òsì yín. Ẹni tó bá gbéra ní Ploče á kọ́kọ́ gun ibi tó le jù, dé ilé ìṣọ́ Minčeta, nígbà tí orúnkún ṣì lágbára. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá òkun níbi tí atẹ́gùn wà. Ẹni tó bá gùn ún ní Pile, ìparí ló máa kan Minčeta, nínú oòrùn ọ̀sán, láìsí ibòji. Ó tó wákàtí méjì tí ẹ ò bá kánjú. Ẹ di tíkẹ́ẹ̀tì mú, wọ́n á tún béèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ sì lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó gùn.

Láti Minčeta, ẹ wo òrùlé ilé. Àwọn tó pọ́n yòò jẹ́ àwọn tí wọ́n tún kàn lẹ́yìn tí àdó olóró bà wọ́n jẹ́ ní 1991 sí 1992. Àwọn tó ti ṣá tó sì ní àbàwọ́n ni ti àtijọ́. Ìwọ̀nba ni wọ́n.

Nǹkan kan wà tí àwọn afinimọ̀nà kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà: ní 1416 ni ìgbìmọ̀ ìlú yìí ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ ìlú wọn. Ní Èkó, 1852 ni Ọba Akítóyè tó fọwọ́ sí àdéhùn láti fòpin sí òwò ẹrú.

Aago ọkọ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, kì í ṣe ti fóònù. Ẹ kúrò ní Pile ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú àkókò tí wọ́n ní kí gbogbo èrò ti wọlé, torí gbogbo ọkọ̀ ló ń kó èrò padà nígbà kan náà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì máa ń wà lọ́nà Gruž. Bí bọ́ọ̀sì bá kún, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, kò ju nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté wà nínú ìwé tí wọ́n ń fi sí yàrá yín ní alẹ́ tó ṣáájú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀.