Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ebi aago mẹ́ta òru

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Manchester, báwo ni iṣẹ́ alẹ́ yẹn, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ fóìs nóòtì tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Níbi tó o ti sọ pé o jẹun ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kó o tó wọṣẹ́, tó wá di aago mẹ́ta òru tí ebi dé, tí ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n, tó o lọ dúró síwájú ẹ̀rọ tó ń ta ìpápánu, o ra kírípìsì méjì àti ṣokoléètì, tó o wá ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì nígbà tó ò ń padà sílé, ó dùn mí dọ́kàn. Ti ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn, jọ̀ọ́, sọ fún dókítà ẹ, má fi ìyẹn ṣeré.

Àmọ́ kì í ṣe pé o ò ní sùúrù o, kì í sì ṣe ọ̀kánjúwà. Ebi ló ń pa ẹ́, ebi gidi, ìwọ náà sì mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́.

Ohun tó ń ṣe ẹ́ yìí ti ṣe èmi náà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn BP mi, ìyẹn ìfúnpá, ní January tó ní kí n wá nǹkan ṣe sí sísanra yìí, ṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ebi pa ara mi. Bisikíìtì méjì pẹ̀lú tíì tí ò ní ṣúgà láàárọ̀, bisikíìtì méjì lọ́sàn-án, lójú tèmi, bí nǹkan bá ṣáà ti kéré, ó ti dáa nìyẹn. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú wa ní Ketu títí dé Mile 12, tí àwọn ọmọ yẹn ń gbé ìpékeré, ẹ̀pà àti gálà kọjá lójú fèrèsé, mo máa na ọwọ́ ra ìpékeré ọ̀rá kan, màá tún ra ìkejì, kí n tó dé Ìkòròdú ó ti tán, mo dẹ̀ tún máa jẹ ẹ̀bà tí mo bá délé. Odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kílò kan ò dín.

Obìnrin kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní ọsibítù tí mo ń lọ ló là mí lójú. Ó ní kí n yé wo bí nǹkan ṣe kéré tó, kí n máa wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Gíráàmù òróró kan, kálórì 9 ni. Ti sítáàṣì àti ṣúgà, 4 ni, ti purotéènì náà 4, omi ò ní rárá. Ìpékeré yẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti dín títí omi inú ẹ̀ fi gbẹ tán ni, òróró ló wá gba àyè omi, ìdí nìyẹn tí 100 gíráàmù ẹ̀ fi ń ju 500 kálórì lọ, nígbà tí kùkúmbà 100 gíráàmù ò ju bíi 15 lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ronú gbogbo ọ̀rá ìpékeré tí mo ti jẹ.

Àmọ́ má torí ìyẹn sáré lọ ra kùkúmbà rẹpẹtẹ o. Mo ti dán an wò, kùkúmbà nìkan, ìdajì wákàtí ni, ikùn á tún ti máa kùn. Omi máa ń kún inú lóòótọ́ ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ, purotéènì àti fáíbà ló ń jẹ́ kí oúnjẹ dúró níkùn. Nítorí náà mo máa ń so wọ́n pọ̀ ni, kùkúmbà tàbí ikàn pẹ̀lú ẹyin sísè kan. Ẹyin kan ò ju bíi 75 kálórì lọ, á sì gbé mi dé alẹ́.

Mo ka nǹkan kan tó wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Ní 1995, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Sydney ní Ọsirélíà fún àwọn èèyàn ní oríṣi oúnjẹ 38, bíi kálórì 240 ni wọ́n wọ̀n nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ń bi wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wákàtí méjì pé báwo ni ebi ṣe ń pa yín sí. Wọ́n fi búrẹ́dì funfun sí 100, oúnjẹ tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ju ìyẹn lọ ló yó wọn ju búrẹ́dì lọ. Ẹyin gba 150, gúgúrú 154, ápù 197, ọsàn 202, pòtétò òyìnbó tí wọ́n sè lásán gba 323! Ẹ̀pà gba 84 péré, kìrósáǹtì, ìpápánu òyìnbó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àti bọ́tà ṣe, 47. Kálórì kan náà o, Àbẹ̀kẹ́. Pòtétò tí gbogbo èèyàn ń sá fún pé ó ń múni sanra, tí wọn ò bá ti dín in, òun ló yó wọn jù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ní tèmi ni mọ́ín-mọ́ín. Ní gbogbo alẹ́ Saturday, mo máa bó ẹ̀wà olóyin, mo máa lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé àti àlùbọ́sà, gbogbo ìkòkò, òróró ṣíbí ìjẹun kan péré ni mo ń fi sí i nítorí ṣíbí kan yẹn nìkan ti tó 120 kálórì. Ewé eéran ni mo fi ń pọ́n ọn, kékeré, bí ìkúùkù ọmọdé, mo máa kó wọn sí fíríìjì. Láàárọ̀ mo máa mú ẹyọ méjì sínú báàgì. Tí mọ́tò bá ti dúró ní Ketu báyìí, mo máa tú ewé yẹn lórí itan mi, òórùn ewé yẹn á kọ́kọ́ jáde, ilà ewé á ti hàn lára mọ́ín-mọ́ín, mo máa rọra fi ṣíbí kékeré bù ú jẹ, kí n tó jẹ èkejì tán a ti dé Mile 12, ọmọ tó ń ta ìpékeré á kọjá, mi ò tiẹ̀ ní wò ó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ báyẹn, omi lé sí mi lójú.

Gúgúrú náà dáa. Má fi òróró yan án, má fi bọ́tà sí i, ìkòkò tó nípọn, dé e, máa mì í títí á fi dákẹ́. Ife kan ò ju bíi 30 kálórì lọ. Ẹ̀pà tá a máa ń jẹ mọ́ ọn ló yẹ ká ṣọ́, ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan ti lé ní 160. Mi ò ní kó o má jẹ ẹ́ o, ka tìẹ síta kó o sì gbé ike ẹ̀ padà sókè. Gàrí rírẹ, mi ò lè fi sílẹ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n mo ti yé pè é ní ìpápánu, oúnjẹ gidi ni, ọjọ́ tí mo bá mu gàrí, mi ò ní jẹ oúnjẹ míì lé e. Àti tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ ọ̀rá ikùn, jọ̀wọ́ má dá ara ẹ lágara, ẹnì kan tà á fún mi, ìgbẹ́ ló ń yà mí, omi ara lásán ló dín, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó padà.

Ó yá, tìẹ. Kúlà kékeré ni kó o rà. Sè ẹyin méjì àti pòtétò kéékèèké mẹ́ta kó o tó sùn lọ́sàn-án, kí wọ́n ti tutù kó o tó jáde, fi ápù kan àti kárọ́ọ̀tì sí i. Tó o bá fẹ́ yógọ́ọ̀tì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Greek tí wọn ò fi ṣúgà sí ni kó o mú. Wo ẹ̀yìn ike ẹ̀, wọ́n máa ń kọ kcal ti 100 gíráàmù síbẹ̀, nǹkan kan náà tá à ń pè ní kálórì nìyẹn. Àwọn páálí míì tiẹ̀ ní àwọ̀ pupa, yẹ́lò àti gíríìnì níwájú, tí ṣúgà tàbí ọ̀rá bá ti jẹ́ pupa, dá a padà. Má sì dúró di aago mẹ́ta. Aago kan ni kó o ti jẹ ìdajì, kí ebi tó gbá ẹ mú, nítorí tí ebi bá ti wọ ara tán, kò sẹ́ni tó ń ronú kálórì mọ́. Kó o sì fi kádì bánkì sílẹ̀ nínú àpótí níbi tó o ti ń pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ̀rọ yẹn jìnnà sí ẹ díẹ̀.

Ní báyìí mo ti fi kílò mẹ́fà dín, díẹ̀díẹ̀ ni, BP náà sì ti ń wálẹ̀, nọ́ọ̀sì yẹn dì mọ́ mi lọ́jọ́ tó wọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ irú ẹ̀ fún ẹ.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lo máa wọṣẹ́, àbí? Kó o tó jáde, ṣí kúlà yẹn, ya fọ́tò ẹ̀ fún mi, mo máa jí wò ó. Tó bá sì di aago mẹ́ta tí ara ò gbà á, pè mí, kò sóhun tó burú, mi ò ní pa fóònù.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Ọ̀rẹ́ ẹ,
Ìyá Dárà, Ìkòròdú